Ọjọ́ Tí A Mú Kọ̀ǹpútà Mọ́mì Sáré

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá sílé, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Ó tàn án. Kò pẹ́ rárá tí òórùn eruku tó ń gbóná lórí irin fi gba inú pálọ̀ kan, ni mo bá dìde fùú níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà rò pé inú ń bí mi. Kò mọ̀ pé inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí mo ju ẹ̀wà sí. Òórùn yẹn gan-an ni òórùn ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Alẹ́kúwodò ní Òṣogbo, ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé.

Ọmọ Iléṣà ni ìyá mi, ìwé títẹ̀ ló fi ń jẹun. Táípúráítà mẹ́ta ló ní kó tó ra kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà sì dé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ará ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé tiyín sí orí ibùsùn, ẹ ò lè mọ bí a ṣe bọ̀wọ̀ fún un. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà. Ìyá mi fi òwú funfun hun aṣọ kan fún un, ó ṣe òdòdó sí i létí, ó sì máa ń dà á bò ó lórí bí ẹni ń da gèlè bo ìyàwó. Ó ní eruku ni ọ̀tá rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ rẹ̀ ní Iléṣà fẹ́ ṣe alimanáàkì tí fọ́tò gbogbo wọn yóò wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìyá mi dìde láàárín ìpàdé, ó ní kọ̀ǹpútà òun lè ṣe é, àti pé yóò jáde kí ìkórè tó dé. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí bí ẹ̀rọ náà ṣe lọ́ra tó. Tí o bá sún fọ́tò kan díẹ̀, o lè jáde lọ ra àkàrà, kí o jẹ ẹ́, kí o fọwọ́, kí ojú ìyá inú fọ́tò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ láti iwájú orí bọ̀ sí àgbọ̀n. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, ojú mẹ́sàn-án péré ló ti tò. Oúnjẹ kò wọ ìyá mi lẹ́nu mọ́. Ó ní bí èyí bá bàjẹ́, òun ò ní lè dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ yẹn mọ́ láé, òun á ta ẹ̀rọ náà, òun á sì padà sídìí táípúráítà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí n kò fẹ́ràn ohunkóhun láyé tó kọ̀ǹpútà yẹn.

Rùkáyá ló kó mi yọ. Kíláàsì kan náà la wà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀, ní agboolé wọn láàárín Òṣogbo àtijọ́, ìdí ẹwìrì ló sì dàgbà sí. Òun ló rí ìwé pẹlẹbẹ kan nínú páálí tí wọ́n fi kó kọ̀ǹpútà náà wá. A kà á títí tó fi yé wa: ìdérí dúdú kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ibi tí a bá fi í sí ló ń sọ fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe sáré tó. Márùndínlọ́gọ́rin ni eré tiwa. Àádọ́rùn-ún wà níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀, ọgọ́fà náà wà.

Èmi ní ká gbé e sí ọgọ́fà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rùkáyá mi orí.

“Bàbá mi kì í fẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan náà. Á fẹ́ ẹ díẹ̀, á dúró, á wò ó, kó tó tún fẹ́ ẹ.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìyá mi lọ sí Iléṣà láti lọ bẹ àwọn ẹgbẹ́ kí wọ́n ní sùúrù, a ti ilẹ̀kùn. A kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ náà kọ sórí dísìkì. A yọ wáyà kúrò lára iná, a fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan inú, bí ìwé náà ṣe wí. Ẹ̀mú tí bàbá Rùkáyá fi ń mú wúrà wẹ́wẹ́ ni Rùkáyá fi ṣí ìdérí náà nípò, ó gbé e sí àádọ́rùn-ún. Mo ní lórúkọ Jésù, ó ní Bísímíláì, a tàn án. Ó sáré! A ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, Rùkáyá sì ń fi ìka kan irin eléyín bí òòyà tó wà lórí ọpọlọ náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. A pa á, a gbé e sí ọgọ́rùn-ún. Ojú Ìyá Ìjọ, fọ́tò tó kàn, yọ kí n tó pa ẹnu mi dé. A dì mọ́ra, a ń fò sókè, títí aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa fi wá kanlẹ̀kùn pé kí ló dé.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Nígbà tí Rùkáyá jáde lọ kírun Àílà, ìrun ọ̀sán, mo mú ẹ̀mú, mo gbé e sí ọgọ́fà. Ó tàn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ohun gbogbo dúró gbagidi, ìdajì ojú Ìyá Ìjọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo fọwọ́ kan irin náà, ó jó mi. Rùkáyá wọlé, kò bá mi wí. Ó yọ wáyà, ó jókòó tì í títí ó fi tutù pátápátá, ó dá ìdérí náà padà sí ọgọ́rùn-ún, ó tàn án, ó sì ń lọ geere.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi dé. Ó rí bí àwọn fọ́tò ṣe ń yọ, ó jókòó sílẹ̀ láìbọ́ bàtà. Inú dídùn náà pọ̀ débi pé ó fa aṣọ funfun tó hun yọ, ó dà á bo ẹ̀rọ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń kọrin. Kò pẹ́, ohun gbogbo tún dúró. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án ló pa á. Ìyá mi béèrè ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan òun.

Rùkáyá kúnlẹ̀. “Àwa méjèèjì ni, Mọ́mì.”

Bó ṣe kúnlẹ̀ náà ló na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, ó sì yí padà wo ìyá mi. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ yìí ló ń jẹ́ kí ooru mú un. Ẹ jẹ́ kó rí atẹ́gùn gbà.” A ká aṣọ náà kúrò. Nígbà tí ara ẹ̀rọ náà balẹ̀, a tàn án, kò sì dúró mọ́ títí iṣẹ́ fi parí.

Alimanáàkì dé Iléṣà kí ìkórè tó pé. Ìyá mi tẹ orúkọ èmi àti Rùkáyá wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ wọ awò ojú rẹ̀, ó fi Ìjẹ̀ṣà béèrè pé ta ló ń jẹ́ Rùkáyátù nínú ìjọ wa. Ìyá mi dáhùn níwájú gbogbo wọn.

“Òun ló jẹ́ kí ẹ rí ojú ara yín.”

Ọ̀kan nínú wọn kó ẹ̀wà àti dòdò jọ kí a gbé e fún un ní Òṣogbo.

Lóde òní, ọpọlọ kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe ń fi kún eré rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bá sì gbóná, á rọra. Ẹ̀mú àti ìdérí bí hóró ìrẹsì ti di ìtàn. Ara ọmọ tó fẹ́ mọ ibi tí nǹkan lè sáré dé ṣì ń gbóná bíi tiwa, inú mi sì ń dùn tí mo bá rí irú rẹ̀. Àwọn òbí Rùkáyá kó lọ sí òkè ọya lọ́dún kejì. Ó kọ lẹ́tà méjì sí mi, lẹ́yìn ìyẹn n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo ti wá a títí. Gbogbo ìyìn alimanáàkì náà la jọ pín, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọ̀sán yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Orí ẹní ìkírun ló wà nígbà tí mo ṣe é. Ó ní àwa méjèèjì, n kò sì sọ òtítọ́ fún ìyá mi títí di òní.