Wọ́n Fi Sìmẹ́ǹtì Dí Ilé Alápàńdẹ̀dẹ̀, Wọ́n Fi Àpò Rẹ̀ Bo Àbúrò Mi

Àbúrò mi kú ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé alájà tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Orí àkàbà ló ti já bọ́. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo bò ó, nítorí àlejò ti ń dé. Wọ́n gé ríbọ́ǹnù, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ìgbà tí mọ́tò àlejò ìkẹyìn jáde ní géètì ni wọ́n tó ránṣẹ́ sí wa pé ká wá gbé òkú wa. Ẹ kú ètò o, ẹ̀yin ọ̀gá.

Bíríkìlà ni. Gúnrégé ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́, torí ògiri rẹ̀ kì í wọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni wá, a ò rí ilé ìwé lọ. Ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Bàbá wa kì í gé ẹ̀ka tí ìtẹ́ bá wà lórí rẹ̀ títí ọmọ ẹyẹ yóò fi fò. Tí a bá kùn pé ẹ̀ka náà dí wa lọ́wọ́, á ní, "Ṣé wọ́n wó ilé lé yín lórí nígbà tí ẹ ò tíì lè rìn ni?"

Ilé àtijọ́ kan wà níbi tí wọ́n kọ́ ilé alájà yìí sí, abẹ́ òrùlé rẹ̀ sì ni àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ń gbé. Kí ìjọba tó gbà kí wọ́n wó o, wọ́n ní dandan ni kí ilé tuntun ní ihò lókè ògiri fún àwọn ẹyẹ náà. Gúnrégé ló mọ ihò wọ̀nyẹn. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ń kọ́lé fún àna rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi, "àwọn ayálégbé mi ti kó wọlé. Wọn ò tiẹ̀ bèèrè ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí."

Wọ́n yé, wọ́n pa. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba wá, wọ́n dúró nílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé gba àwọ́ọ̀dù pé àwọn fẹ́ràn ẹyẹ.

Ìgbẹ́ ẹyẹ ló wá ba ọ̀dà funfun àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ yìí jẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé ku ọ̀la, fóòmáànù ní kí Gúnrégé fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò náà.

"Ọ̀gá, ọmọ wà nínú wọn."

"Ọmọ ta ni? Ọmọ tìẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò ná. Kò ní pẹ́."

"Ṣé ẹyẹ ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni? Máa lọ sílé, kí o lọ sàba."

Wọ́n lé e, wọ́n ní kí akunlé dí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú òòlù àti irin, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń bọ̀ kí oúnjẹ tó tutù. Wọ́n ti tú pákó tí ọ̀mọlé ń dúró lé kúrò kí ilé lè dùn ún wò. Àkàbà nìkan ló kù, kò sì sẹ́ni tó bá a di ìdí rẹ̀ mú.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá wọn, ọmọ tí mo tó bí lọ́mọ, rọra gbé omi síwájú mi.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n a ti lé e lọ sílé lánàá. Kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wa nígbà tó kú."

Ẹ gbọ́ ná. Ìjọba ní kí ihò wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin dí i, òun lọ ṣí i. Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú yín? Àwọ́ọ̀dù wọn wà lórí tábìlì, wọ́n ya ẹyẹ sí i lára. Ẹyẹ tí kì í yàgbẹ́ nìyẹn, irú èyí tí ẹ lè bá gbé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́lé tirẹ̀ kò kanlẹ̀, kò kan òkè. Ẹ̀yin kọ́ tiyín fẹ́ẹ̀ kan ọ̀run, síbẹ̀ kò gba ẹyẹ.

A ò wá àánú yín. Kí ẹni tó ní kí wọ́n dí ihò àti ẹni tó ní kí wọ́n fi àpò bo èèyàn jáde, kí wọ́n lọ bá opó rẹ̀ nínú yàrá tó wà, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin aláyẹ̀wò, ẹ padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má dúró nílẹ̀. Ẹ gun òkè, ẹ gbẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò, kí ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ bá bá lẹ́yìn rẹ̀.