Ìgbésẹ̀ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ pe ọmọ náà ní Tata, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Láti kékeré ni kì í ti í fẹsẹ̀ rìn níbi tó bá ti lè fò. Gọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, fífò ló ń fò ó. Bí ìyá rẹ̀ bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti gé e, àwọn ọmọ yòókù á fara gbá ògiri kọjá, Tata á fò ó láti etí kan dé èkejì. Ìyá rẹ̀ á pariwo pé, "Bó o bá fẹsẹ̀ kan aṣọ oníbàárà yìí, ìwọ ni màá rán mọ́ ọn!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan aṣọ rí.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan tó gùn bí ibùsùn, áyọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ti so wáyà rẹ̀ níbi mẹ́ta, àti yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì tó rọ̀ sára ògiri bí ènìyàn tí kò lórí. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, Sátidé nìkan ni wọ́n ń rí i nílé. Tata wá di ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó lọ síléèwé, á fi òòfà ṣa abẹ́rẹ́ àti píìnì nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí iléèwé bá parí ní aago méjì, ó di pápá. Nígbà tó bá fi máa padà wọlé nírọ̀lẹ́, iyanrìn ti wà nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ti wà nínú etí, nígbà mìíràn ó ti wà nínú ìwé ìṣirò pàápàá. Á wẹ̀, á jẹun, á jókòó sí etí tábìlì ìgéṣọ. Á rán bọ́tìnnì márùn-ún, á ṣe iṣẹ́ àmúrelé kan, á tún rán bọ́tìnnì márùn-ún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku ọdún kan kó jáde níléèwé. Olùkọ́ ìṣirò bá a lójú oorun nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tata, ṣé o tún ń fò lójú oorun náà ni?"

Tata lajú, ó ní, "Rárá, sà. Mò ń sinmi kí n tó fò ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló lọ dúró sẹ́yìn títí aago fi lù.

Ìfò gígùn ni eré tirẹ̀: kí èèyàn sáré dé ibi pákó funfun kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, kó fò, kó balẹ̀ sínú kòtò iyanrìn. Kò sí ọmọbìnrin kankan níléèwé tó lè fò débi tó ń fò dé. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Pákó yẹn ni òpin. Bí orí bàtà bá kọjá etí rẹ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n èékánná, wọ́n á gbé àsíá pupa sókè, ìfò náà á sì di asán. Tata sì ń kọjá etí pákó bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún. Lónìí ó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ní ọ̀la ó kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Olùkọ́ eré ìdárayá, tí gbogbo ọmọ ń pè ní Tíṣà Fèrè nítorí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. "Wo pákó, Tata! Pákó ni kó o máa wò!" Tata wo pákó. Bó ṣe ń wò ó náà ló ń kọjá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje àwọn iléèwé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe ìdánwò láti yan àwọn tó máa lọ. Gbogbo iléèwé dúró yí kòtò ká. Tata fò lẹ́ẹ̀kíní, àsíá pupa. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, àsíá pupa. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fò jìnnà débi pé àwọn èèyàn hó yèè, wọ́n ti ń gbé ọwọ́ sókè, ìgbà náà ni wọ́n rí i pé pupa ni Tíṣà Fèrè tún gbé sókè, tòun ti ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Tata ti fò kọjá ara rẹ̀." Ẹ̀rín sọ. Tata gbọn iyanrìn kúrò láṣọ, ó gbé báàgì rẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ju irin, ọmọbìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Àpáta, sáré tẹ̀ lé e. "Tíṣà ní òun á ṣì kọ orúkọ ẹ. Ó ní kò sẹ́lòmíì."

"Kó kọ tìẹ. Mi ò ṣe mọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Tata fi ń ti iléèwé bọ̀ ní aago méjì géérégé. Inú ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, nítorí yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ nílẹ̀ jù, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gba ṣòkòtò kan tí Tata ń ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Tata ti rán ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra wọn.

"Ta ni yóò wọ èyí?" ìyá rẹ̀ bi í. "Ẹja?"

Tata fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ síta. Ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń fi yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì nu ojú, ìyá rẹ̀ kò sì bá a wí nípa aṣọ náà. Nígbà tó sunkún tán, ó ro gbogbo ẹjọ́: ìdánwò, àsíá pupa, ẹ̀rín àwọn ọmọ iléèwé.

Ìyá rẹ̀ mú ṣòkòtò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Láti ọdún mẹ́ta tí ọmọ yìí ti ń fò, òun kò dé pápá náà rí. Iṣẹ́ kì í jẹ́. Ó ń fọ iyanrìn ibẹ̀ nínú aṣọ, kò mọ bó ṣe rí.

"Lọ́la, bó o bá jáde níléèwé, dúró dè mí," ó ní.

"Màámi, kí lẹ fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ wò ó. Àbí wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ó dé lọ́jọ́ kejì tòun ti téèpù tó kọ́ sọ́rùn. Ó ti gbàgbé láti yọ ọ́. Ó kí Tíṣà Fèrè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò níbi tí gbogbo èèyàn ń dúró sí. Ọ̀nà ẹ̀yìn pátápátá ló lọ, níbi tí Tata ti ń gbéra. Tata fò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dára, ẹ̀ẹ̀márùn-ún jẹ́ àsíá pupa. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ṣe tán.

"Ẹsẹ̀ wo lo fi ń bẹ̀rẹ̀?" ó wá bi í.

Tata wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò ronú nípa rẹ̀ rí.

"Tíṣà, ẹ má bínú o," ìyá rẹ̀ ní, "mi ò mọ nǹkan kan nínú eré yín. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó dára yẹn, ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ gbé. Èyí tó kù, ọ̀tún ni. Ẹsẹ̀ òsì ló sì fi ń fò. Bó bá fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á lé nígbà tó bá débẹ̀. Ibo ni yóò kó èyí tó lé yẹn sí? Á kọjá pákó ni."

Tíṣà Fèrè yọ fèrè kúrò lẹ́nu. Ọmọ márùndínlógójì ló ń tọ́jú ní pápá yẹn lójoojúmọ́. Láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ pákó ló ń dúró sí tòun ti àsíá, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò wo ìbẹ̀rẹ̀ rí. "Màámi," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Àwọn àgbà ló ní bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bí kọ́là aṣọ bá ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, èmi kì í bá kọ́là jà, èjìká ni mò ń tú."

Wọ́n jọ wọn ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Téèpù ìyá rẹ̀ kúrú, nítorí náà Tata fi ìka tẹ etí kan mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ń fà á lọ, Àpáta ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, Tíṣà Fèrè ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fẹnu kò sí, òsì ni àkọ́kọ́, òsì ni ìgbẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tata ń ka ìgbésẹ̀ sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, bó bá sì ti dé orí mẹ́wàá, eré ti kú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fò kúrú débi pé Àpáta ní òun lè ju ara òun jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń kà á lọ síléèwé, ó ń kà á lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan, ó ń ti ilé ìtajà bọ̀, ó dúró lójijì láàárín ọ̀nà nítorí pé ọ̀tún ló gbé, ìyá àgbàlagbà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. "Ọmọ yìí, kí ló dé?" "Ẹ má bínú, màámi àgbà. Mo ṣìṣe ni." Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó mi orí, ó kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kíkà náà rì wọnú ara. Kò kà á lẹ́nu mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kà á fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, ìyá rẹ̀ kò lè lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ wá kó yunifọ́ọ̀mù wọn. Ó di omi sínú ìgò fún un, ó fi búrẹ́dì sínú báàgì, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́là náà kò ṣe nǹkan kan. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó ní. "Máa lọ, ọmọ mi."

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, iyanrìn kòtò dúdú, ó wúwo. Ọmọbìnrin mọ́kànlá ló fẹ́ fò, ìfò mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tó bá ṣíwájú ló máa bọ́ sínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó ń lọ ṣe ìdánrawò nígbà ìsinmi. Ọ̀kan nínú wọn wọ bàtà pupa, ó ga, ó rọra ń rìn bí ẹni tó ni pápá. Ìfò àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ mítà márùn-ún àti sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ìfò àkọ́kọ́ Tata, ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn, ó gbéra jìnnà sí pákó: kò tilẹ̀ tó mítà márùn-ún. Ìkejì, ó sáré bí ẹni tí iná ń lé. Àsíá pupa, ìwọ̀n ìka kan. Ó wá ku ẹyọ kan.

Ó lọ dúró sídìí àmì ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Wọ́n gbé àsíá, ó mí kanlẹ̀, ó gbéra.

Ìgbésẹ̀ kan, méjì, ó dúró.

Ọ̀tún ló gbé.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Ẹlòmíràn ní, "Ó ti gbàgbé ọ̀nà!" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, Tíṣà Fèrè fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Wọ́n ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú kan láti fò, ó sì lè padà bẹ̀rẹ̀ bí àkókò bá ṣì wà. Tata yí padà, ó rìn, kò sáré. Ojú tì í títí dé etí, síbẹ̀ nǹkan kan balẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀.

Ó fi ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó gbéra. Kò gbọ́ ariwo mọ́. Ó kan gbọ́ ìró pákó lábẹ́ bàtà, gbà!, ilẹ̀ sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó máa fi yíjú padà, iyanrìn tútù ti kún ẹnu rẹ̀, àsíá funfun sì wà lókè. Mítà márùn-ún àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún. Ipò kejì!

Àpáta gbé e nílẹ̀ bí ẹni gbé irin. Tíṣà Fèrè ń fọn fèrè láìnídìí, títí alákòóso ìdíje fi ní kó jọ̀ọ́ dákẹ́.

Ọmọ oníbàtà pupa wá bá a níbi tó ti ń tú okùn bàtà. "Kí ló dé tó o fi dúró lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tèmi ni mo gbé."

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. "Èmi ò mọ èyí tí mo ń gbé o." Ó jókòó tì í, ó na ọwọ́ sí búrẹ́dì rẹ̀ láì tọrọ. "Bá a bá dé ọ̀hún nígbà ìsinmi, wàá fi hàn mí."

"Ìwọ náà á kọ́ mi bó o ṣe ń na ẹsẹ̀ lókè yẹn."

Tíṣà Fèrè ya fóònù rẹ̀ fún un. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni Tata kọ́kọ́ gbọ́.

"Màámi, mo ṣe ipò kejì. Wọ́n mú mi."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ìyá rẹ̀ wá ní, "Kò síbi tó ń dùn ọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa," ìyá rẹ̀ ní. Tata gbọ́ tó yíjú kúrò níbi fóònù, tó ń pariwo fún àwọn nọ́ọ̀sì tó wá kó aṣọ pé kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n gbọ́ nǹkan tí ọmọ òun ṣe.