Akíndé Bá Moutiatou San Àáró

Akíndé kì í jókòó. Bí ẹ bá rí i lórí àga ní Kétu, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, okùn bàtà ló ń so. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní eré ìdárayá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Mẹ̀tírì, ìyẹn olùkọ́ lédè Faransé, títí dòní. Ọdún tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra àga ìrọ̀gbọ̀kú. Òun ra alùpùpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ sí: ó di alágbàwí àwọn asáré.

Kì í ṣe asáré orí ọ̀dà o. Eré igbó ni àwọn tirẹ̀ ń sá: ọ̀nà oko, òkè, odò, ẹrẹ̀, ogún kìlómítà, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn ọgọ́ta. Ó ń bá wọn wá ìwé ìrìnnà. Ó ń ka ìwé àdéhùn wọn dé orí àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Bí àwọn tó pe eré bá ní kí asáré sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun ni yóò bá wọn fà á. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń rí níbẹ̀, á ní, "Owó epo, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò rí owó epo náà rí.

Nínú gbogbo wọn, Moutiatou ló gbà á lọ́kàn jù. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ọmọ Sàfúrátù, opó kan ní Odomèta. Ọjọ́ kan oko, ọjọ́ kejì eré, bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan nígbà òjò, ìwé wọlé sórí fóònù Akíndé láti Kútọnú. Madame Clémence ló kọ ọ́, ẹni tó ń ṣojú iléeṣẹ́ bàtà kan ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo Moutiatou ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yóò sá, láti Idigny gba àárín oko dé Odomèta. Bí kò bá ju wákàtí méjì, iléeṣẹ́ á gbà á fún ọdún méjì, pẹ̀lú owó oṣù, bàtà àti owó ìrìnnà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Akíndé dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé àwọn gbà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló tó gun alùpùpù lọ sí Odomèta, ó ń kọrin lọ́nà.

Sàfúrátù ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ dúró.

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀, Mẹ̀tírì? Ọjọ́bọ̀ ni àáró oko Àmúdà!"

Orin náà kú lẹ́nu Akíndé. Àwọn mẹ́fà, Moutiatou pẹ̀lú, ló wà nínú àáró yẹn. Òní, gbogbo wọn lóko tèmi. Ọ̀la, gbogbo wọn lóko tìrẹ. Nítorí Moutiatou ni àwọn márùn-ún ṣe ro àgbàdo Sàfúrátù láìku igi kan. Ti Àmúdà ló kàn. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, wọn kì í bá a pariwo. Wọn kàn ń gbàgbé orúkọ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Opó tí wọ́n bá gbàgbé, koríko ni yóò kórè.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún un síwájú."

"Ṣé koríko ń dúró ni?"

Akíndé pe Clémence. Clémence ní òun ń wọ ọkọ̀ òfúrufú ní ọjọ́ Ẹtì, kò ṣeé yí.

"Ṣé kò lè ro oko láàárọ̀, kó sáré nírọ̀lẹ́?" ni Sàfúrátù bèèrè.

"Ìbàdí tó ti tẹ̀ láti òwúrọ̀ kò lè gun òkè nírọ̀lẹ́, ìyá Moutiatou."

Moutiatou ti dé láti odò, omi ṣì wà lórí rẹ̀. "Mẹ̀tírì, ẹ dákun. Mi ò ní lọ máa sáré kí wọ́n máa pe ìyá mi ní ajàáró-má-san."

Akíndé rìn yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró. "Èmi á lọ ro ó."

Sàfúrátù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Pẹ̀lú ọwọ́ ìwé yẹn?"

Àmúdà gbà, torí àáró gba àrọ́pò. "Ìlà mẹ́wàá ni, Mẹ̀tírì, gẹ́gẹ́ bíi ti Moutiatou. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò tán, kò tíì san."

Nígbà tí oòrùn kan orí ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ Akíndé ti bó. Nígbà tó di aago márùn-ún, àwọn márùn-ún tó kù ti parí ti wọn, wọ́n ń mumi lábẹ́ igi. Akíndé wà ní ìlà keje. Bó bá ro ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, á sáré gun orí ọ̀gán kan létí oko, ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń rí rézò. "Ó ti gbéra," ni Clémence kọ ní aago mẹ́rin. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Mẹ̀tírì," ni Sidonie pariwo, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọkọ́ lọ, "wọn ò gbin àgbàdo sórí ọ̀gán o!"

Akíndé kò dáhùn, ó ń ṣírò. Létí oko yìí gan-an ni ọ̀nà eré náà gbà. Ó yẹ kó ti kọjá. Àbí ó ti ṣubú? Àbí odò ti kún?

Nígbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀. Moutiatou já sóde, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ń mí bí ẹwìrì.

"Sá lọ!" ni Akíndé kígbe. "Má wo ibí! Aago ń lọ!"

Moutiatou dúró. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Àmúdà. Àǹtí Sidonie, ẹ kú oko o. Ẹ má bínú pé ẹ ò rí mi."

"Ọmọ yìí! Mo ní aago!"

Ó kí ẹni kìíní, ó kí ẹnì kejì, títí ó fi kí ẹnì karùn-ún. Ó wá wo ìlà tí Akíndé ń ro. "Mẹ̀tírì, ẹ ti gé àgbàdo méjì." Ló bá tún bẹ́ sí eré.

Àmúdà gbé igbá omi kalẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi? Èmi ì bá ti kọ́ ọ kó kọjá lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àmúdà mú ọkọ́ rẹ̀, Sidonie mú tirẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Kí Akíndé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìlà mẹ́ta tó kù ti tán. Kò dúró dúpẹ́. Orí alùpùpù ló ti rántí ọpẹ́.

Ó bá Clémence lábẹ́ igi níwájú ilé-ẹ̀kọ́ Odomèta, Moutiatou jókòó nílẹ̀, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún.

"Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá márùndínlógójì, Mẹ̀tírì. Ó dùn mí."

"Ẹ jẹ́ kí n wo aago ọwọ́ rẹ̀."

Aago yẹn ń ya ọ̀nà tí ẹsẹ̀ gbà. Akíndé fi ìka ẹlẹ́rẹ̀ tọ́ ọ títí ó fi dé ibì kan tí ìlà náà ti dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

"Kí ló ṣe é níbẹ̀? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?" ni Clémence bèèrè.

"Àwọn àgbà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó kí wọn."

Clémence mi orí. "Ìyá ìyá mi ní Àjàṣẹ́ ì bá ti nà mí bí mo bá kọjá láìkí wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìyẹn ní Faransé."

"Ìdí tí wọ́n fi fi yín síbí nìyẹn, Màdáàmù. Bí wọ́n bá fẹ́ aago nìkan, aago ni wọn ì bá rán wá."

Clémence rẹ́rìn-ín. "Ọdún kan. Mi ò lè gbèjà ọdún méjì."

"Ọdún kan tó." Akíndé gba kálàmù, ó sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ pe Moutiatou ní ọjọ́ mẹ́fà kan lọ́dún, ọjọ́ àáró.

"Iṣẹ́ ò tíì bọ́ sí yín lọ́wọ́ tán, ẹ ti ń fi kún un! Kí ni wọ́n ń pe àáró lédè Faransé?" ni Clémence bèèrè.

Akíndé ronú. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá yé wọn, kí wọ́n pè mí."

Moutiatou fọwọ́ sí i. Akíndé ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gun alùpùpù nígbà tí Àmúdà dé, ọkọ́ lórí èjìká.

"Mẹ̀tírì, ìlà mẹ́ta la bá yín ro. Ọjọ́ Sátidé, oko Sidonie."

Akíndé ṣí ìwé pélébé tó ń kọ ọjọ́ eré sí. Eré mìíràn wà níbẹ̀ fún Sátidé. Ó fa ìlà sí i lórí.

"Aago mélòó?" ló bèèrè.