Afẹ́fẹ́ Inú Mek Som

Ní abúlé wa létí odò ní Kelantan, bí ara èèyàn kò bá yá tí oògùn ọsibítù kò sì ràn án, Awang Deraman la máa ń ránṣẹ́ sí. Ogójì ọdún gbáko ló fi ta gòjé olókùn mẹ́ta nídìí ìwòsàn. Tok Hamat oníṣègùn á máa jó, Awang á máa ta gòjé, á máa fi orin wádìí lára aláìsàn. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú olúkúlùkù wa, ìyẹn ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ṣe látọjọ́ tó ti dáyé. Bí wọ́n bá sé e mọ́ inú, àìsàn ló máa dà. Bí gòjé bá sì kan orin tirẹ̀, ara á dìde fúnra rẹ̀. Mo ti fojú mi rí i, ẹ má bá mi jiyàn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Mek Som, ìyàwó Awang fúnra rẹ̀, ló dùbúlẹ̀. Ó rù hangogo. Dókítà ní nǹkan ti wú sí i nínú, pé ó ti pẹ́ jù, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Oògùn ìrora tí wọ́n fún un kò mú nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kò ní kú mọ́. Ohun tí Awang ń tọrọ kò ju pé kó dìde jókòó, kó jẹun, kó sùn láìkérora.

Alẹ́ mẹ́ta ni Tok Hamat fi jó, tí ilé kún fọ́fọ́. Awang ta orin jagunjagun, ó ta ti olólùfẹ́, ó ta ti ọmọ òrukàn. Mek Som kò mi ìka. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, Tok Hamat nu òógùn ojú, ó bi Awang níṣojú gbogbo wa bóyá orin kan ṣì kù. Awang ní kò kù mọ́.

Irọ́ ni. Irọ́ gbuu! Nígbà ọmọge, inú Mak Yong, eré oníjó tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ipa ọkùnrin, ni Mek Som wà, òun sì ni wọ́n máa ń fi ṣe ọba. Tó bá gbé ọwọ́ sókè tó tẹ ìka sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin á gbàgbé oúnjẹ lẹ́nu. Awang ló ń ta gòjé fún un. Ó fẹ́ ẹ tán, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ní ìyàwó òun kò ní jó níwájú ọkùnrin mìíràn mọ́. Mek Som ká aṣọ ọba, ó kọrí sí oko ìrẹsì. Afẹ́fẹ́ wo la tún ń wá kiri? Ṣùgbọ́n bí Awang bá ta orin ọba, tí obìnrin náà dìde, gbogbo abúlé ló máa mọ ẹni tó sé e mọ́ inú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Esah ọmọ wọn jáde wá, ó ní ìrora ti mú ìyá òun débi pé ó fi eyín ya ìrọ̀rí. Awang gbé gòjé, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó pa fèrèsé dé. Ó ta orin ọba.

Ọwọ́ Mek Som dìde. Ìka rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó jókòó, láìsí ẹni tó dì í mú.

"Ẹ mọ̀ ọ́n látalẹ́ àkọ́kọ́," ó wí.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń tì mí, Ìyá Esah."

"Ojú ń tì yín, èmi ń kú. Ẹ ṣí fèrèsé yẹn."

Ó ṣí i. Gbogbo wa gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mek Som fi jó lórí ìjókòó. Ó mu omi ìrẹsì, ó sùn láìkérora, ó tún ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti le bí igi ìdáná. Ní ọjọ́ kẹrin, orin dún, ọwọ́ rẹ̀ kò dìde mọ́.

Àwọn ará ilé ń rẹ Awang lẹ́kún pé àìsàn ló ṣeé wò, pé kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ó ń ta orin ọba lọ. Esah ló wá gba ọpá gòjé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tó máa wẹ òkú ti dé.