Iṣu Kan Tí Mo Gbàgbé Láti Yọ

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin wà nínú kíláàsì mi, kí wọ́n sì má baà sọ pé mò ń ṣe ojúsàájú, òun ni mo máa ń le mọ́ jù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, kíláàsì sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ lọ.

Mo fi iṣu tí èmi àti ọmọ mi rà lọ́jà Ìlọ́fà ṣe ìbéèrè fún wọn. Òkìtì ńlá kan àti kékeré méjì jẹ́ iṣu mọ́kànlélógún. Òkìtì ńlá fi iṣu méjì ju kékeré kan lọ. Mo ní kí wọ́n pe ńlá ní x, kí wọ́n pe kékeré ní y. Bí x bá ti jẹ́ y àti méjì, kí wọ́n yọ x kúrò, kí wọ́n fi y àti méjì rọ́pò rẹ̀.

Gbogbo wọn ń kọ, wọ́n ń pa á rẹ́. Ọmọ mi nìkan ló nawọ́: ńlá mẹ́jọ, kékeré mẹ́fà. Mo wo ìwé rẹ̀, ogún ló kọ dípò mọ́kànlélógún.

"Ta ló ní kó o yọ ọ̀kan?"

"Mà, ènì ni ọ̀kan yẹn. Ìyá oníṣu fi ta wá lọ́rẹ ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n ọjà ṣe ìṣirò, ọjà náà ni yóò parí sí. Mo fi báírò pupa fagi lé e. N kò tíì ṣe ìṣirò náà fúnra mi.

Nígbà tí wọ́n pín fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yan kíláàsì, áàtì ni ọmọ mi mú. N kò bi í léèrè ìdí. Mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo fẹ́ fún àwọn ọmọ tuntun ní ìbéèrè yẹn, mo jókòó ṣe é. Kékeré já sí iṣu mẹ́fà àti ìdámẹ́ta. Ta ló ń ta ìdámẹ́ta iṣu? Ìgbà náà ni mo rántí ìyá arúgbó tó ju iṣu kan sínú abọ́ ọmọ mi: "Gbà, uṣu kan rè é, ènì rẹ." Mo yọ ọ̀kan. Mẹ́jọ, mẹ́fà. Mo fi wọ́n padà sínú ìbéèrè wò, wọ́n bára mu. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo pé kí àwọn ọmọ máa fi ìdáhùn padà síbẹ̀ wò. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́.

Mo bá ọmọ mi ní ìdí ààrò, mo ní kó má bínú, òun ló gba ìṣirò náà.

"Mo mọ̀, Màámi," ó ń ro ọbẹ̀ lọ. "Ṣé ẹ ó sọ ọ́ ní kíláàsì?"

Àwọn ọmọ tó fi í rẹ́rìn-ín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti wọlé tọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti ìgbà náà. N kò tíì sọ ọ́.