Máńgòrò Tí Gbogbo Ilé Ń Ṣe Àlùwàlá Sí Nídìí

Lẹ́máàmù àdúgbò wa ti fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún tán, wọ́n fẹ́ da omi kẹ́tù sí tòsì, nígbà tí ìyá mi àgbà di apá ẹ̀wù wọn mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àlùfáà, ẹ má dà á síbẹ̀ yẹn. Ẹ bọ́ sídìí máńgòrò mi.”

Àlùfáà wo ojú ìyá, wọ́n wo igi kékeré náà, wọ́n sì fẹsẹ̀ kan tọ lọ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí garawa fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ igi yẹn kì í ṣe eré lójú ìyá. Láti Ṣakí ni wọ́n ti ru ú wálé lórí nínú ọ̀rá dúdú, kò sì sí igi mìíràn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn. Àbúrò bàbá mi fẹ́ gé e, kó lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí yóò ti máa tún ọ̀kadà ṣe. Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbà pé bí ewé bá ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun á fi í sílẹ̀. Bí kò bá sí, òun á gé e.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá pàṣẹ pé ìdí igi náà ni gbogbo agbo ilé á ti máa ṣe àlùwàlá. Ìró omi kẹ́tù àti ikọ́ àwọn àgbà ló ń jí mi láàárọ̀, òórùn ilẹ̀ tútù á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tó bá ti mọ́sáláásí ṣe tirẹ̀ dé, ìyá á bi í pé, “Ṣé mọ́sáláásí ló máa so máńgòrò fún ẹ?” Igi náà tutù yọ̀yọ̀, inú ìyá sì ń dùn.

Àfi bí kànga ṣe gbẹ. Omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, okùn wa kò tó o mọ́. Odò jìnnà, Àlùfáà sì kéde pé nígbà tí omi bá wọ́n báyìí, ẹ̀sìn gbà kí èèyàn fi yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ṣe àlùwàlá. Ìyá jókòó ti igi wọn, wọ́n ń wo àwọn èèyàn tó ń fi yẹ̀pẹ̀ pa ojú.

“Àlùfáà, ìyẹn dáa fún ìrun yín. Kí ni kí igi mi fi yẹ̀pẹ̀ ṣe?”

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewé rẹ̀ wọ́ dànù. Èyí tó wá dun ìyá jù ni ti igi irúgbá ẹ̀yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni kò fún un lómi rí, ewúrẹ́ ló ń fara họ ọ́, síbẹ̀ ó ń yọ ewé tuntun.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àbúrò bàbá mi gé máńgòrò náà, ó hú gbòǹgbò rẹ̀. Gbogbo wa lọ wò ó. Gbòǹgbò náà tẹ́ lọ nítòsí òkè ilẹ̀ bí ẹní, kò sí ìkankan tó jìn ju orúnkún mi lọ.

“Èmi ni mo pa á,” ni ìyá wí. “À ń gbé omi wá bá a nílé. Kí ló fẹ́ wá lọ sísàlẹ̀?” Wọ́n sunkún, èmi náà sì bá wọn sun ún.

Ṣọ́ọ̀bù dìde. Páànù rẹ̀ gbóná débi pé sípánà ń jó èèyàn lọ́wọ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e parí, abẹ́ irúgbá ni àbúrò bàbá mi ti ń tún ọ̀kadà ṣe.

“Ìyá, ṣé ẹ ò ní gbin òmíràn síwájú ṣọ́ọ̀bù mi?”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá fi rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dá a lóhùn. Wọ́n gbin kóró máńgòrò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń fún un lómi, garawa kan, díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án tí ewé rẹ̀ bá rọ, èmi á fẹ́ yọ́ bu omi sí i, ìyá á sì di ọwọ́ mi mú.

“Fi í sílẹ̀. Ó ń wá omi lọ sísàlẹ̀ ni.”

Igi náà ti ga ju ṣọ́ọ̀bù lọ tipẹ́, ìyá kò sì sí mọ́. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pólì ní Ṣakí pè mí pé òun kò rí yàrá gbà. Mo ti wọ bàtà, mo ti ń lọ sí gáréèjì Ìséyìn láti wọkọ̀ lọ bá a, kí n tó padà wálé jókòó. Lọ́jọ́ kejì ó rí yàrá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, n kò lè jẹun. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọwọ́ ìyá tó ń di tèmi mú nídìí igi máa ń gbọ̀n. Nígbà náà, mo rò pé ogbó ló fà á.