Àǹtí Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Àwa olùkọ́ la fún un lórúkọ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ la sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, "Àǹtí" lásán ni. Òun ló ni kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé wa, èmi sì ni igbákejì rẹ̀. Èmi ni mò ń nu imú, èmi ni mò ń wá bàtà tó sọnù. Òun ló ń ṣe ọnà.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, àárín àkísà ló sì gbé dàgbà. Bó o bá fún un ní páálí bàtà, gọ́ọ̀mù àti sísọ́ọ̀sì láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, ohun tó fi ṣe á ti máa dán yinrin. Ó sín ìdérí ìgò sórí okùn nínú férémù onígi, ó kùn wọ́n ní pupa àti búlúù, kí ọmọ lè máa tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún kà. Ó fi agolo mílíìkì méjì àti hángà aṣọ ṣe òṣùwọ̀n. Ó gé agogo páálí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí. Èyí tó wá gbégbá orókè ni ejò aláṣọ kan tó ní oríkèé mẹ́wàá: bọ́tìnnì kan lórí oríkèé àkọ́kọ́, méjì lórí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́wàá nídìí ìrù. Ọmọ tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìrù, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀jọ ju èje lọ. Ìka rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Àmọ́ ọmọ wo ló fọwọ́ kàn án? Ara ògiri ni gbogbo ẹrù náà wà, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè dé àfi tó bá gun àga, tó bá sì gun àga, ó gbé. "Ọwọ́ yín dọ̀tí!" lorin tí Àǹtí ń kọ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Tó bá wá dàsìkò ìṣirò, á ní kí wọ́n káwọ́ gbera, kí wọ́n máa ké "Ení, èjì, ẹ̀ta" bí ayékòótọ́. Ẹ̀wá ò yàtọ̀ sí ẹ̀rin létí wọn. Ariwo ni gbogbo rẹ̀.

Àlejò nìkan ló ń jàǹfààní ògiri yẹn. Bí òbí kan bá ti yọjú, Àǹtí á tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á lọ dúró ti ejò rẹ̀ bíi pé òun ló bí i, wọ́n á sì yà á ní fọ́tò. "Ha, ẹ kúuṣẹ́ o! Àwọn ọmọ wa mà ń gbádùn!" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Nítorí wọn náà ni." Ṣekárími! Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí kan náà ló máa ń ní kí n bá òun ro iye ọmọ tó wá lọ́sẹ̀ pọ̀, torí ìròpọ̀ tó bá ti ju ìka ọwọ́ lọ, òógùn á ti bo imú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ ò yá, kò lè wá. Mo wo ògiri, mo wo àwọn ọmọ. Mo gun àga, mo sọ ejò náà kalẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bíi pé yóò bù wọ́n jẹ. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí gbogbo wa ń pè ní Aláròyé torí pé kì í panu mọ́, ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó tẹ méjì, ó tẹ mẹ́ta. Ó gbójú sókè wò mí.

"Àǹtí, ó ń pọ̀ sí i!"

"Mélòó ló fi ń pọ̀ sí i?"

Ó padà síbi orí ejò, ó tún tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Ẹyọ kan! Ẹyọ kan ni! Ẹyọ kan ló máa ń fi ju ti ẹ̀yìn lọ!"

Ká tó wí, gbogbo wọn ti bo ejò. Kí wọ́n tó lọlé, mo ti sọ òṣùwọ̀n náà kalẹ̀, wọ́n ti ń fi agolo méjèèjì wọn òkúta, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó wúwo jù. Ọjọ́ tí Àǹtí ò wá ni ìṣirò wọ kíláàsì wa.

Nígbà tó padà dé, ejò ló kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn ìkíni mi. Bọ́tìnnì kan ti já nídìí ìrù.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wọn, mà. Ẹ má bínú. Wọ́n lò ó dáadáa, Aláròyé tiẹ̀…"

"Ṣé nǹkan ìṣeré ni mo pè é fún ẹ ni?"

"Ìṣirò lẹ ṣe é fún, mà."

"Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Ó kọjú sáwọn ọmọ. "Ẹ dìde! Ẹ tú àpò yín síta!"

Àgbàlagbà obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ọmọ ọdún mẹ́rin nítorí bọ́tìnnì. Ó tú Aláròyé dé inú ìbọ̀sẹ̀, ọmọ náà sunkún títí òsúkè fi mú un. Abẹ́ àga Àǹtí fúnra rẹ̀ la ti pàpà rí i. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó rán bọ́tìnnì náà padà, ó sì ní kí káfíńtà wá kan ìṣó mìíràn, kó gbé gbogbo ẹrù náà sún mọ́ àjà.

Ọjọ́ ìpàdé òbí ni àṣírí tú. Yàrá kún fọ́fọ́. Ọ̀gá wa, ìyá tó ni ilé-ìwé, jókòó níwájú. Àǹtí ń fi ọ̀pá tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Aláròyé, nọ́ọ̀sì kan tí aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi sọ fún mi pé ejò yẹn máa ń fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Ẹ bá mi gbé e fún un, kó fi hàn wá."

"Á dọ̀tí, mà," ni Àǹtí wí.

"Á dọ̀tí kẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ kì í fọwọ́ kàn án ni?"

Kí Àǹtí tó ya ẹnu, Aláròyé ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án o! Ìgbà tí Àǹtí ò wá la fọwọ́ kàn án, ni wọ́n bá tú mi dé ìbọ̀sẹ̀!"

Bàbá kan tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa wo Àǹtí, ó ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Kí Àǹtí gun àga péré ni. Obìnrin yìí fẹ̀yìn ti ògiri, ó na apá méjèèjì bíi pé olè wọlé. "Ó dáa, kí wọ́n bà á jẹ́, kí gbogbo wa sinmi!" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. Mo ní bóyá ìyá rẹ̀ náà kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà nígbà tó wà lọ́mọdé. Àmọ́ mo wo Aláròyé tó dì mọ́ ìyá rẹ̀, àánú ọ̀hún bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa ní kó mú ọ̀kan: kó fi ẹrù náà sílẹ̀ fáwọn ọmọ, tàbí kó máa gbé e lọ sílé. Ó gbé e lọ sílé. Ó kó ejò, ó kó agogo, ó kó agolo, ìṣó pàápàá ló yọ. Kò dágbére fún ọmọ kankan, kò sì padà wá mọ́.

Èmi ni wọ́n fa kíláàsì náà lé lọ́wọ́. Ọwọ́ mi le bí igi. Ejò tí èmi rán dà bí ìrọ̀rí tí ajá fà ya, ìdọ̀tí ti bò ó, a ti rán ìrù rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yà á ní fọ́tò. Àwọn ọmọ ń fi í ka nǹkan ní tiwọn.

Ẹ má rò pé ojú ti Àǹtí o. Ojú wo ló fẹ́ fi tì í? Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta irú nǹkan wọ̀nyẹn fáwọn ilé-ìwé, ọjà sì ń yá. Mo wọ ibẹ̀ láìpẹ́ yìí láti ra òwú. Ó rí mi, ó ṣe bí ẹni tí ò rí mi. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ló ń dá lóhùn, tó gbé òṣùwọ̀n alágolo kan dání, tí wọ́n fi ọ̀rá wé pinpin.

"Mà, báwo ni mo ṣe máa fi kọ́ wọn?"

"Ọ̀rá yẹn, má tú u o," ni Àǹtí wí. "Ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà ni kó o gbé e kọ́, kí àlejò lè tètè máa rí i."

Olùkọ́ náà dúpẹ́, ó jáde. Mo tẹ̀lé e, mo ní kó dúró. Mo gba òṣùwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ọ̀rá ara rẹ̀ ya lójú títì, mo ní, "Ilẹ̀ ni kó o gbé e sí. Kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í. Kó o wá dákẹ́ ẹnu ẹ, kó o máa wo àwọn ọmọ."

Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó pòṣé. Èmi náà pòṣé. Tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ.